Báàgì afẹ́fẹ́ kọ́ ló kàn: ìmúra píkọ́ọ̀pù tó fẹ́ gbé kámpà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní píkọ́ọ̀pù ńlá kan, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ oní-táyà kan-kan, àpótí ẹ̀yìn rẹ̀ sì gùn. Mo ti rí kámpà àlòkù kan, irú èyí tí wọ́n ń ti bọ inú àpótí ẹ̀yìn ọkọ̀, tó ní bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù, fíríìjì àti ilé ìwẹ̀ kékeré. 1,130 kílò ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀ mi ní ọkọ̀ náà lè gbé 1,750 kílò. Ẹni tó fẹ́ tà á ní ààyè ṣì kù rẹpẹtẹ, pé kí n sáà ra báàgì afẹ́fẹ́ (rọ́bà tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí láti ran sípíríǹgì lọ́wọ́) sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ó parí. Èmi, ìyàwó mi àti ọmọ wa kan la óò máa fi rìn. Kí ni kí n ṣe sí ọkọ̀ yìí kí n tó gbé kámpà lé e?

Ìdáhùn: Ẹ kú làákàyè tí ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. Ẹni tó ń ta kámpà náà kò purọ́ nípa nọ́ńbà méjèèjì. Ohun tí kò sọ fún yín ni pé ọkọ̀ yín ò ní rí 1,130 kílò yẹn lójú títì láéláé, nítorí pé kò sẹ́ni tó ń rìnrìn àjò pẹ̀lú kámpà òfìfo. Ní ti báàgì afẹ́fẹ́, òun ni mo máa ń fi kẹ́yìn nínú gbogbo ohun tí a ń ṣe sí irú ọkọ̀ yìí, ìgbà mìíràn sì wà tí kò tilẹ̀ ní í kàn wá rárá. Títa ni ẹni tó ń tà á ń tà á. Ẹ̀yin ni ẹ máa fara gbá a.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 1,130. Lọ́pọ̀ ìgbà, nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ kọ sára kámpà kì í ka ohun tí wọ́n fi kún un lẹ́yìn náà. Tí ẹ̀rọ amúlétutù bá wà lórí òrùlé, tí ìbòòrùn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fi 60 kílò kún un, ó di 1,190. Ẹ ò sọ iye omi tó ń gbà fún mi, nítorí náà mo fi táǹkì 115 lítà ṣe ìṣirò, pẹ̀lú 23 lítà tó ń wà nínú ẹ̀rọ tó ń gbé omi gbóná. Lítà omi kan, kílò kan. A ti dé 1,328. Sílíńdà gáàsì méjì tó ń gba kílò mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án: tí ẹ bá ka irin wọn mọ́ ọn, 34 kílò. Bátìrì kejì, irú èyí tó ní ásíìdì, 27 kílò. Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ jẹ́ kí n pè yín ní 190, kí ẹ má bínú tí mo bá sọ yín di ẹlẹ́ran. Irin ìdè, rọ́bà ìtẹ́lẹ̀ àti àwọn nǹkan tí a máa so mọ́ ọkọ̀, 60. Aṣọ, ìkòkò, oúnjẹ, irinṣẹ́, àga, bàtà ọmọ, 150, ẹni bá sì ti ko ẹrù rí á mọ̀ pé mo dín in kù. Àpapọ̀ rẹ̀, 1,789 kílò. Ààyè 620 kílò tí wọ́n ní ó kù ti tán, ẹ sì ti fi 39 kílò kọjá.

Nọ́ńbà 1,750 yẹn ti ka epo tó kún táǹkì mọ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ka ènìyàn kankan, kò ka awakọ̀ pàápàá. Gbogbo ohun tó bá gun ọkọ̀ náà lẹ́yìn tó ti kúrò nílé iṣẹ́ ló ń jẹ nínú rẹ̀, títí kan báàgì afẹ́fẹ́ tí wọ́n ní kí ẹ rà. Kò sì sí irin tí mẹkáníìkì lè so mọ́ ọn tí yóò sọ 1,750 di 2,000. Bíréèkì, ṣáásì, rímù, táyà, bẹ́ríǹgì ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, gbogbo wọn ló pa pọ̀ bí nọ́ńbà yẹn. Sípíríǹgì kàn jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ni. Tí ẹ bá mú sípíríǹgì le, ìdí ọkọ̀ á gbé sókè, ojú á sì rí i pé ó dọ́gba, àmọ́ bíréèkì ò mọ̀ pé ohunkóhun yí padà.

Ṣé kí ẹ má rà á ni? N ò sọ bẹ́ẹ̀. 39 kílò kì í ṣe nǹkan tí a ò lè rí ojútùú rẹ̀. Tí ẹ bá yọ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀, tí ọ̀pọ̀ kámpà tilẹ̀ ń béèrè pé kí a yọ, ẹ ti rí bí 30 kílò gbà padà. Tí ẹ bá ń gbéra pẹ̀lú omi ìdajì táǹkì, kí ẹ sì bu ìyókù níbi tí ẹ bá ń lọ, bí 57 kílò tún nìyẹn. Ẹ kàn rántí pé omi tí ẹ lò ò tíì fi ọkọ̀ sílẹ̀: ó ti kúrò nínú táǹkì omi mímọ́, ó bọ́ sínú táǹkì omi ìdọ̀tí. Nínú ọ̀pọ̀ kámpà, ẹ̀yìn pátápátá ni táǹkì ìdọ̀tí wà. Nítorí náà ẹ dà á nù kí ẹ tó gbéra, ibi tí wọ́n bá ti gbà yín láyè láti dà á nù.

Ìṣirò orí ìwé ni gbogbo èyí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe gan-an ni pé kí ẹ gbé ọkọ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n láìsí kámpà, epo kún, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n wọn ẹsẹ̀ iwájú lọ́tọ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lọ́tọ̀. Lórí ìwé ẹnu ilẹ̀kùn kan náà, ẹ máa rí iye tí ẹsẹ̀ iwájú lè gbé àti iye tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lè gbé. Tí ẹ bá yọ ohun tí wọ́n wọ̀n kúrò nínú ohun tí ìwé sọ, ẹ ti mọ ààyè tó kù lóòótọ́ nìyẹn. Ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni kí ẹ tẹjú mọ́, torí ibẹ̀ ni kámpà máa jókòó lé. Mo ti rí ọkọ̀ tí àpapọ̀ rẹ̀ kò kọjá òfin rárá, tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti ń gbé ju agbára rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìwúwo, ibi tí ìwúwo náà jókòó sí ló kàn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámpà, ẹ wá àmì kékeré kan tí ilé iṣẹ́ fi síbẹ̀, àmì tó ń fi ojú ìdọ́gba rẹ̀ hàn, ìyẹn ibi tí kámpà máa ti dúró láìfì síwájú tàbí sẹ́yìn tí a bá gbé e lé orí igi kan ṣoṣo. Ẹ wọn bí àmì náà ṣe jìn sí iwájú ìsàlẹ̀ kámpà. Lẹ́yìn náà ẹ wọn bí àárín táyà ẹ̀yìn ṣe jìn sí ògiri iwájú àpótí ẹ̀yìn ọkọ̀ yín. Ohun tí a ń fẹ́ ni kí àmì bọ́ síwájú àárín táyà ẹ̀yìn, ì báà ṣe ìwọ̀nba sẹ̀ǹtímítà díẹ̀. Tí ó bá bọ́ sẹ́yìn, kámpà á máa gbé ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ sókè. Ẹ wo bó ṣe pọ̀ tó: ká ní kámpà pẹ̀lú ẹrù inú rẹ̀ jẹ́ 1,500 kílò, tí àlàfo táyà iwájú sí ti ẹ̀yìn jẹ́ mítà 4. Tí ojú ìdọ́gba bá wà ní 30 sẹ̀ǹtímítà lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn, kílò 112 ló máa kúrò lórí ẹsẹ̀ iwájú, yóò sì kún ti ẹ̀yìn lórí 1,500 yẹn. Sítíárì á fúyẹ́ lọ́wọ́ yín, iná iwájú á máa tàn sórí igi, bíréèkì iwájú tó ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì kò sì ní rí ilẹ̀ dì mú dáadáa.

Àpótí ẹ̀yìn tiyín gùn, ìyẹn dára. Kámpà tí wọ́n ṣe fún àpótí kúkúrú lè wọ àpótí gígùn. Kámpà tí wọ́n ṣe fún àpótí gígùn ni kí ẹnikẹ́ni má tì bọ àpótí kúkúrú, torí ìdí rẹ̀ á yọ síta, ojú ìdọ́gba á sì sá sẹ́yìn. Ẹ ṣáà rí i pé kámpà wọlé títí tó fi kan iwájú. Àwọn kan máa ń fi igi dí àlàfo níwájú kí wọ́n lè rí ààyè ṣí nǹkan lẹ́yìn. Gbogbo sẹ̀ǹtímítà tí ẹ bá fi dí iwájú, ẹ ti fi ti ojú ìdọ́gba sẹ́yìn.

Ó wá kan táyà, ibi tí mo rò pé owó yín yẹ kó kọ́kọ́ lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wò lábẹ́ ọkọ̀, kí ẹ ka ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Tí lẹ́tà LT bá ṣáájú nọ́ńbà ìwọ̀n rẹ̀, táyà akẹ́rù ni. Tó bá jẹ́ P ló ṣáájú, táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni. Tí wọ́n bá fi irú rẹ̀ sí píkọ́ọ̀pù, a gbọ́dọ̀ fi 1.10 pín iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kí a tó mọ ohun tó lè gbé, èmi ò sì ní gbà kí ẹ gbé kámpà lé e. Lẹ́yìn ìwọ̀n, ẹ máa rí nọ́ńbà bíi 121/118. 121 túmọ̀ sí 1,450 kílò tí táyà bá dá wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, 118 túmọ̀ sí 1,320 tí wọ́n bá so méjì pọ̀. Tiyín jẹ́ kan-kan, nítorí náà táyà ẹ̀yìn méjèèjì á gbé 2,900. Táyà oní-125 á gbé 1,650 ọ̀kọ̀ọ̀kan, 3,300 lápapọ̀. Ẹ fi wé ohun tí òṣùwọ̀n sọ nípa ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lẹ́yìn tí kámpà gun ọkọ̀, kí ẹ sì rí i pé ààyè ṣì kù. Ẹ má jẹ́ kí ó ṣe rẹ́gí. Rímù náà ní iye tó lè gbé, wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀yìn tàbí inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń ra rímù tó ń dán, tí wọn ò sì bojú wẹ̀yìn.

Iye tí mo dá yẹn, tí táyà bá gba afẹ́fẹ́ tó yẹ ni. Táyà akẹ́rù tí wọ́n kọ lẹ́tà E sí lára sábà máa ń fẹ́ 80 psi kó tó lè gbé gbogbo ẹrù rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wo nǹkan kékeré kan: fáàfù, ibi tí fọkanáísà ti ń fún un ní afẹ́fẹ́. Tó bá jẹ́ rọ́bà lásán tí ẹ lè fi ìka tẹ̀, ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ kò yẹ kó kọjá 65 psi. Ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí fáàfù irin. Owó rẹ̀ ò tó nǹkan, àmọ́ tó bá ya lójú títì, táyà yín tó dára jù lọ á sọ afẹ́fẹ́ nù pẹ̀lú kámpà lórí. Ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú ìlà tí wọ́n fi DOT bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà pẹ̀lú: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Ẹni bá ra píkọ́ọ̀pù àlòkù sábà máa ń bá táyà tó ṣì ní eyín ṣùgbọ́n tó ti gbó. Táyà tó ti gbó kò ní kọ ẹrù tó fúyẹ́, kámpà ló máa jẹ́wọ́ rẹ̀.

Inú àpótí ẹ̀yìn ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Tí ike ìtẹ́lẹ̀ tó ń yọ̀ bá wà níbẹ̀, ẹ yọ ọ́ jù síta, torí kámpà á máa sún lórí rẹ̀. Èyí tí wọ́n fọ́n sára irin kò léwu. Lórí èyíkéyìí, ẹ tẹ́ rọ́bà nípọn sí i. Rọ́bà ló ń di ìsàlẹ̀ kámpà mú kó má rìn. Tí àlàfo bá wà láàárín ẹ̀gbẹ́ kámpà àti ibi tí táyà ti wú wọ inú àpótí, ẹ fi igi dí i ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kó má lè lọ sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ẹ wo òrùlé iwájú ọkọ̀ pẹ̀lú: apá kámpà tó nà bo orí awakọ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí i. Tí ìka mẹ́rin kò bá lè kọjá láàárín wọn ní ìbú, ọkọ̀ á máa fi òrùlé lu kámpà nígbà tí ṣáásì bá ń yí lórí ọ̀nà gbágungbàgun. Ẹ lè fi pákó gbé ilẹ̀ àpótí sókè, kí ẹ sì mọ̀ pé gíga tí ẹ fi kún un á mú kí ọkọ̀ máa fì sí i.

Ẹ bá mi fara balẹ̀ díẹ̀ síbi ìdè, torí àwọn ènìyàn máa ń fi ojú kékeré wò ó. Ẹ̀wọ̀n tàbí irin mẹ́rin ló ń di kámpà mọ́ ọkọ̀, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀: èyí tí wọ́n ń so mọ́ ara àpótí ẹ̀yìn, irú ti Happijac, àti èyí tí wọ́n ń fi bóòtù dè mọ́ ṣáásì lábẹ́, irú ti Torklift. Ti àpótí fúyẹ́, kì í sì í náni lówó púpọ̀, ó sì lè tó fún kámpà kékeré. Fún tiyín, ti ṣáásì ni màá mú láìjanpata. Páànù àpótí ẹ̀yìn kò nípọn. Tí ẹ bá tẹ bíréèkì gidi tàbí tí ẹ kó sí kòtò, tọ́ọ̀nù kan àti ààbọ̀ ló ń fa ojú ihò bóòtù mẹ́rin yẹn. Tó bá wá jẹ́ ọkọ̀ tí ara rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù, bíi Ford F-150 láti ọdún 2015 àti Super Duty láti 2017, èmi ò tilẹ̀ ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Irin ìdè iwájú gbọ́dọ̀ máa fà sísàlẹ̀ àti síwájú, ti ẹ̀yìn sísàlẹ̀ àti sẹ́yìn, kí kámpà má baà rí ọ̀nà rìn. Ẹ ra èyí tó ní sípíríǹgì nínú, torí ṣáásì ń yí díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà, ìdè tí kò lè nà á sì fa ojú kámpà ya. Ẹ fi ọwọ́ yí i títí tó fi le, kí ẹ tẹ̀lé àlàfo tí ẹni tó ṣe é ní kí sípíríǹgì ṣí dé, kí ẹ dúró níbẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ọ̀pá gígùn yí i kó lè le gan-an ń fa bóòtù olójú (bóòtù olórùka tí ìdè ń kọ́) yọ lára kámpà. Èyí tó mú mi dé ọ̀rọ̀ àlòkù tí ẹ fẹ́ rà: kí ẹ tó sanwó, ẹ dọ̀bálẹ̀ lábẹ́ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, níbi tí bóòtù olójú ti wọlé. Lẹ́yìn páànù yẹn, igi ló sábà máa ń wà. Ẹ fi ìdí sikiriú-dẹ́ráífà tẹ ibẹ̀. Tó bá rọ̀, tó ń ṣe jẹ́jẹ́ tàbí tí ojú bóòtù ti yí padà sí àwọ̀ dúdú, omi ti jẹ ẹ́. Kò sí ìdè tó dára tó láti so mọ́ igi jíjẹrà. Ibi tí jáàkì igun mẹ́rin ti so mọ́ kámpà náà ń jìyà ọ̀ràn kan náà. Irú kámpà bẹ́ẹ̀, ì báà pọ́ọ́kú, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ta á.

Sípíríǹgì wá kàn báyìí. Kámpà ga, nítorí náà ìṣòro rẹ̀ kì í sábà jẹ́ pé ìdí ọkọ̀ wálẹ̀. Fífì ló máa ń jẹ́. Nígbà tí ẹ bá wọ ráńdábáòtù, òkè á fẹ́ máa lọ síta nígbà tí ìsàlẹ̀ ti yí. Ẹ wo abẹ́ ọkọ̀ yín: lórí sípíríǹgì pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí pẹlẹbẹ nípọn kan lókè tí kò kan ohunkóhun nígbà tí ọkọ̀ bá ṣófo. Ọkọ̀ ní láti ru ẹrù púpọ̀ kí pẹlẹbẹ yẹn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Rọ́bà nípọn kan wà tí a ń fi sáàárín rẹ̀ àti irin tó ń dá a dúró, kó lè máa ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Sípíríǹgì tó ti wà nínú ọkọ̀ yín náà ni, ẹ kàn jẹ́ kó tètè jí. Òun ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣe, ó sì máa ń ya àwọn tó ti ń wo báàgì afẹ́fẹ́ lẹ́nu. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pá adènà-fífì tó nípọn fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, àti ṣọ́kì tó dára. Tí ṣọ́kì yín bá ti ń da òróró, má wulẹ̀ wo ohun mìíràn kí ẹ tó pààrọ̀ ìyẹn.

Tí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tí ìdí ọkọ̀ ṣì wálẹ̀ ju iwájú lọ tàbí tí kámpà fì sí ẹ̀gbẹ́ kan torí pé fíríìjì àti táǹkì wà lápá kan, a lè wá sọ̀rọ̀ báàgì afẹ́fẹ́. Ó wúlò fún àtúntò kékeré báyẹn. Kí wọ́n so ọ̀pá afẹ́fẹ́ ti ọ̀tún àti ti òsì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tí wọ́n bá so wọ́n pọ̀, nígbà tí ẹ bá ń yí, ẹ̀gbẹ́ tí ẹrù tẹ̀ á fẹ́ afẹ́fẹ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tó fúyẹ́, fífì á wá pọ̀ sí i. Kí ó má ṣófo pátápátá rí, torí rọ́bà á ká sára rẹ̀, á sì lu. Ewu tó tóbi jù lọ ni mo fi gbẹ̀yìn: sípíríǹgì pẹlẹbẹ ń gbé ẹrù lé ojú méjì lára ṣáásì, iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Báàgì afẹ́fẹ́ ń tì í sókè lójú kan ṣoṣo láàárín. Pẹ̀lú kámpà tó nà sẹ́yìn àti ọ̀nà gbágungbàgun, ṣáásì lè tẹ̀ lójú yẹn. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí píkọ́ọ̀pù oní-ilẹ̀kùn mẹ́rin tí ìwọ̀n wọn kéré ju tiyín lọ. Ọkọ̀ tiyín lágbára jù wọ́n lọ, ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi ń fi báàgì kẹ́yìn nìyẹn.

Iná. Ẹ máa rí ojú ìsopọ̀ oní-ẹnu méje tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ tí a ń fà lẹ́yìn. Iná ẹ̀yìn, iná bíréèkì àti tírafíkétọ̀ kámpà á ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìsí wàhálà. Bátìrì kámpà ni kò ní rí ṣáájì gidi. Láti alternétọ̀ dé inú kámpà, lọ àti bọ̀, bí mítà 13 ni. Wáyà 4 mm² lójú ọ̀nà yẹn á jẹ bíi fóòtì (volt) 1.1 nígbà tí ámpíà 20 bá ń gba inú rẹ̀ kọjá. Alternétọ̀ ń fúnni ní 14.2, bátìrì ń rí 13.1, nígbà tí fíríìjì bá sì tún ń fà nínú rẹ̀, kò sí ohun tó ń wọlé. Ẹ fa wáyà 16 mm² tuntun láti bátìrì ọkọ̀, rere àti òdì, ohun tó máa jẹ á wálẹ̀ sí bíi fóòtì 0.28. Fíúsì gbọ́dọ̀ wà nítòsí bátìrì ọkọ̀ gan-an, kí wáyà má baà jó tí irin bá gé e. Tí kámpà bá ní bátìrì lithium, ẹ fi ẹ̀rọ aṣáájì DC-DC sí àárín. Láìsí i, bátìrì yẹn lè fa alternétọ̀ títí tó fi gbóná jù. Ọkọ̀ tuntun tó ń dín iná alternétọ̀ kù fúnra rẹ̀ náà nílò rẹ̀.

Kámpà á bo dígí àárín yín pátápátá, nítorí náà ẹ fi dígí ẹ̀gbẹ́ gígùn sí i. Tí kámẹ́rà ẹ̀yìn bá wà lára ilẹ̀kùn tí ẹ yọ, ẹ fa wáyà rẹ̀ jáde dáadáa kí ẹ tó yọ ilẹ̀kùn, kí ẹ fi nǹkan bo ẹnu rẹ̀. Lọ́jọ́ tí gbogbo ẹrù bá ti wọlé, ẹ wọn gíga láti ilẹ̀ dé ohun tó ga jù lórí òrùlé, kí ẹ kọ ọ́ sórí téèpù, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ síwájú awakọ̀. Afárá tí kò ga kì í kìlọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ dojú ọkọ̀ kọ ògiri lálẹ́ kí ẹ tún iná iwájú rọ̀ sílẹ̀ tó bá ti gòkè.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá ń gbé e lé, ẹ wá ilẹ̀ tó tẹ́jú, kò gbọdọ̀ sí afẹ́fẹ́ líle, táǹkì omi sì gbọdọ̀ ṣófo. Ẹ gbé kámpà sókè lórí jáàkì mẹ́rin, díẹ̀díẹ̀, igun kan lẹ́yìn òmíràn, kí iwájú fi díẹ̀ ga ju ẹ̀yìn lọ, títí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi ju ilẹ̀ àpótí ọkọ̀ lọ ní bí sẹ̀ǹtímítà 5. Ìyàwó yín dúró lápá òsì níbi tí ẹ ti lè rí i nínú dígí, kò gbọdọ̀ sí ẹnikẹ́ni lábẹ́ kámpà tàbí láàárín kámpà àti ọkọ̀. Ẹ wá máa fi ọkọ̀ rìn sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹsẹ̀ yín má kúrò lórí bíréèkì. Ojú tó yẹ kí ẹ máa wò ni ibi tí táyà ti wú wọ inú àpótí. Àlàfo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà méjì tàbí mẹ́ta lọ. Tí ẹ̀gbẹ́ kan bá kan, ẹ má yí sítíárì nígbà tí ọkọ̀ ti wà lábẹ́ rẹ̀; ẹ jáde síwájú, kí ẹ tún ara yín tò, kí ẹ padà wọlé. Nígbà tí iwájú kámpà bá fara kan rọ́bà tó wà níwájú àpótí, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ ní ìwọ̀nba, so ìdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ tó ká jáàkì sókè tán.

Lẹ́yìn nǹkan bíi kílómítà 80 àkọ́kọ́, ẹ dúró, kí ẹ tún ìdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún. Wọ́n á ti tú díẹ̀, gbogbo wọn ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi sípánà wo nọ́ọ̀tù táyà, kí ẹ fọwọ́ kan táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tó bá gbóná ju ìyókù lọ, géèjì á sọ ìdí rẹ̀. Tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, jíà kékeré ni kó máa dá ọkọ̀ dúró, kí ẹsẹ̀ yín má máa sùn lórí bíréèkì.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun fún sípíríǹgì, ẹ fi ìwọ̀n ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn tí wọ́n bá wọ̀n fún yín ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn àti bí ojú ìdọ́gba kámpà náà ṣe jìn sí iwájú rẹ̀. Nígbà náà ni mo lè sọ fún yín bóyá rọ́bà orí sípíríǹgì ti tó, tàbí kí ẹ wá kámpà tó fúyẹ́ ju ìyẹn lọ.